Fọ́nrán-Ara tàbí Kọ́lájìn? Èrò lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ohun tí a ń Rẹ Yọ lára Ẹja

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí orí ọmọ tuntun nìkan. Ó bá iṣẹ́ àwọn tí ń wá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu pẹ̀lú. Bí ohun titun bá wọ inú èdè Yorùbá, ó yẹ kí ilé kan wà tí a ó wò kí a tó pè é lórúkọ. Bí a kò bá wo ilé náà dáadáa, orúkọ tí a sọ ọ́ lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, ó sì lè sọ ẹni tí ń rajà di ẹni tí a rẹ́ jẹ.

Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni pùrótéènì tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kọ́lájìn. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìpara àti ohun ìṣaralóge lóríṣiríṣi ní ọjà Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, ara awọ àti egungun màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ jù lọ. Ṣùgbọ́n ní 1986, wọ́n dá àrùn wèrè màlúù mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó sì di 1996, ìjọba ibẹ̀ kéde pé ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ran ènìyàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti túbọ̀ ń kọjú sí ẹja. Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù tí kì í lo ohun tí ó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá náà rí ti ẹja gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àbáyọ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kọ́lájìn ṣe dé ẹnu ọ̀nà àwọn apẹja.

Òde Mahin, ìlú Amapetu, wà ní ilẹ̀ olómi Ìlàjẹ ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹja pípa, ẹja yíyan àti ẹja títà wà lára iṣẹ́ tí a fi mọ àwọn ará agbègbè náà, láti Mahin dé Ùgbò àti Ayétòrò, títí dé ọjà Ìgbọ́kọ̀dá. Bí Yorùbá bá ní ilé kan tí ó yẹ kí a wò kí a tó sọ ohun tí ó ti ara ẹja jáde lórúkọ, ilé náà nìyí. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò tó kí a kàn kọ kọ́lájìn ní àkọtọ́ Yorùbá kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ọjà ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Bí èdè Yorùbá kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, kò ní í ṣeé ṣe láti fi èdè náà kọ́ni ní iṣẹ́ yìí.

1. Bí ohun náà ti rí

Kọ́lájìn ni pùrótéènì tí ó pọ̀ jù lọ nínú ara ènìyàn àti ẹran. Ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo pùrótéènì inú ara. Òun ni ó so awọ, egungun àti iṣan pọ̀. Ó wà nínú ìpẹ́ ẹja, nínú lẹbẹ rẹ̀, àti nínú àpò afẹ́fẹ́ tí ó ń mú kí ẹja léfòó. Ní 1954, ní Madras, ìlú tí à ń pè ní Chennai lónìí, G. N. Ramachandran àti Gopinath Kartha gbé àlàyé jáde lórí bí a ṣe to ohun náà: ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ni a lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 1,000 ásíìdì àmínò. Láàárín ẹ̀wọ̀n náà, gbogbo ẹni kẹta ni ó jẹ́ gláísììnì, tí ó kéré jù lọ nínú gbogbo wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé àárín ibi tí ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ti lọ́ pọ̀ há gádígádí, kò sì sí ásíìdì àmínò mìíràn tí ó lè wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó ba lílọ́ náà jẹ́. Gígùn ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí igba ìlọ́po ìnípọn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lọ́ okùn àwọ̀n rí kò ní í bèèrè ìdí tí irú ohun bẹ́ẹ̀ kì í fi í já bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n bí iná bá kàn án, ẹ̀wọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tú kúrò lára wọn, wọn kì í sì í padà sí bí wọ́n ti wà tán pátápátá. Ohun tí ó di nígbà náà ni àwọn Òyìnbó ń pè ní jẹ́látíìnì. Kò sí ìdáná Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá se bọ̀kọ́tọ̀ títí ó fi rọ̀, tí a sì gbé ọbẹ̀ náà sílẹ̀ di àárọ̀, yóò dì. Omi ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ a máa dì bẹ́ẹ̀. Bí a bá tún gbé e kaná, yóò yọ́. Bí ó bá tutù, yóò tún dì. Ohun tí ń dì tí ó sì ń yọ́ yìí kì í ṣe kọ́lájìn mọ́. Ohun tí kọ́lájìn dà lẹ́yìn iná ni.

Ohun kẹta tún wà. Bí a bá gé ẹ̀wọ̀n náà sí kéékèèké, yóò di ohun tí ń yòrò nínú omi láìgbé e kaná, tí kì í sì í dì. Èyí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun tí àwọn ènìyàn ń pò mu nítorí àtirẹwà. Odidi, àtú àti gígé: ohun mẹ́ta ni wọ́n, ìṣesí wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni iye owó wọn.

2. Àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀

Àwọn kan gbà pé kọ́lájìn ti tó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò ni, àti pé a kò wá orúkọ mìíràn fún ọ́síjìn àti háídírójìn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì kún fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ èdè Gíríìkì mọ̀ pé ohun tí ń bí àtè ni kọ́lájìn túmọ̀ sí, nítorí pé awọ tí a sè ni àwọn àgbà ilẹ̀ Yúróòpù fi ń ṣe ohun tí ń lẹ nǹkan mọ́ra. Orúkọ náà ti iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Òde Mahin, kò sọ nǹkan kan fún un: kò fi bí ohun náà ti rí hàn, kò sì fi hàn pé ó bá ọbẹ̀ tí ó dì nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ tan.

Bí a bá wá tú ìtumọ̀ Gíríìkì náà sí Yorùbá, tí a pè é ní àtè ẹja, a tún ṣìnà. Oje igi ni a fi ń ṣe àtè tí ọdẹ fi ń mú ẹyẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yìn iná ni ohun ara ẹja ń di ohun tí ń lẹ̀. Nígbà tí ó wà lára ẹja, kì í lẹ̀.

Orúkọ tí ó léwu jù lọ ni èyí tí ó ń sọ ohun náà ní èròjà amáwọ-jọ̀lọ̀. Orúkọ ọlọ́jà ni. Ìlérí ni ó sọ, kò sọ ohun náà. Ẹyọ kan kọ́lájìn wúwo tó ìlọ́po 300,000 ìwúwo háídírójìn. Ohun tí ó bá sì wúwo ju nǹkan bí ìlọ́po 500 lọ kì í sábà lè gba ojú awọ tí ó pé wọ inú. Nítorí náà, kọ́lájìn inú ìpara ń jókòó sí ojú awọ ni. Ó ń fa omi mọ́ra, ó ń dá omi dúró, ojú awọ a sì rọ̀. Iṣẹ́ rere ni èyí, ó sì tó kí ènìyàn rà á fún un. Ṣùgbọ́n kì í wọlé lọ rọ́pò èyí tí ọjọ́ orí ti gbà kúrò nínú awọ. Bí ọ̀rọ̀-ìperí bá ti gbé ìlérí bẹ́ẹ̀ sínú ara rẹ̀, a jẹ́ pé èdè ni ó ń bá ọlọ́jà polówó, olùkọ́ tí ń fi í kọ́ni sì ti di alágbàpolówó láìmọ̀.

Ohun tí ó kù ni kí a pè é bí ó ti rí. Okùn-ara ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn, nítorí pé okùn ni a fi lílọ́ mọ̀. Orúkọ dídára ni bí a bá gbọ́ ọ létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó lórí ìwé. Àwọn tí ń tẹ ìwé ìpolówó àti ara agolo kì í sábà fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Bí àmì bá ti kúrò, okùn tí a fi ń di nǹkan, okun tí í ṣe agbára, àti òkun tí ó wà ní etí ilẹ̀ Ìlàjẹ di ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ náà lára ìpara yóò kà á sí agbára ara, ìlérí tí a lé jáde ní ẹnu ọ̀nà yóò sì ti gba ojú fèrèsé wọlé.

Nítorí náà, fọ́nrán-ara ni ó yẹ kí a mú. Bí a bá tilẹ̀ yọ àmì ohùn rẹ̀, kò jọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó tún fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: ẹ̀wọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tí a lọ́ pọ̀, fọ́nrán-ara fún mẹ́ta tí a ti lọ́, ìdì fọ́nrán fún ọ̀pọ̀ tí ó kó jọ di ohun tí ojú lè rí. Ẹnìkan lè sọ pé à ń lo fọ́nrán fún ohun tí a fi ń gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀. Òtítọ́ ni, ìdí nìyí tí ara fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn lè ní iṣan náà jẹ́ fọ́nrán nínú ara. Ṣùgbọ́n iṣan ti ní orúkọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí fọ́nrán-ara ń dà bí a bá sè é, àsèdì ni kí ó máa jẹ́: ohun tí a sè tí ó wá dì. Èyí tí a gé sí kéékèèké, ègé fọ́nrán-ara ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mọ èyí tí ó ṣáájú àti ohun tí a fi ṣe èkejì àti ẹ̀kẹta.

3. Sísè àti rírẹ

Àṣà àwọn ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí ni láti máa wá ọ̀rọ̀-orúkọ, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ fún ẹni tí ń túmọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kí akẹ́kọ̀ọ́ se awọ ẹja kí ó lè yọ fọ́nrán-ara, yóò sè é, yóò sì rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àsèdì ni yóò rí. Kò ní í mọ̀ pé òun kò rí ohun tí òun ń wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo inú ìwé ni ó tàn án.

Iṣẹ́ náà gan-an jọ ògì ṣíṣe ju ọbẹ̀ sísè lọ. Wọn yóò kọ́kọ́ fọ awọ tàbí ìpẹ́, wọn yóò sì gé awọ sí wẹ́wẹ́. Wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi tí a pò mọ́ sódà tí àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ ń lò, nǹkan bí gíráàmù 4 nínú lítà omi kan, kí àwọn pùrótéènì mìíràn lè kúrò lára rẹ̀. Wọn yóò yọ ọ̀rá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìpẹ́ ni, iṣẹ́ kan lé sí i, nítorí pé èròjà líle bí ti egungun wà nínú ìpẹ́, èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú kúrò. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò rẹ ohun tí ó kù sínú omi kíkan, irú èyí tí ó wà nínú ọtí kíkan, nǹkan bí gíráàmù 30 nínú lítà kan. Yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, omi náà yóò sì máa ki díẹ̀díẹ̀. Wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò da iyọ̀ sí èyí tí ó kọjá asẹ́, fọ́nrán-ara yóò sì yọ kúrò nínú omi, yóò kó jọ. Wọn yóò fọ iyọ̀ àti omi kíkan kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ ẹ́.

Rẹ, fọ̀, sẹ́, jẹ́ kí ó kó jọ: kò sí èyí tí obìnrin tí ń ṣe ògì kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí. Ìrẹyọ ni orúkọ tí ó yẹ irú iṣẹ́ yìí. Ìsèyọ ni ti èyí tí iná bá wọ inú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá di orúkọ méjèèjì yìí mú ṣinṣin, ìdajì ẹ̀kọ́ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn, tí kò sì rọrùn: omi tútù. Inú ìtutù bí 4°C ni wọ́n ti ń ṣe ìrẹyọ ní ilé ìwádìí. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí omi tútù, Yorùbá yóò lọ pọn omi kànga, nítorí pé omi tí a kò bá ti gbé kaná ni omi tútù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Fọ́nrán-ara ẹja inú òkun tútù bí kọ́ọ̀dù ń tú ní nǹkan bí 15°C. Ti ẹja ilẹ̀ olóoru bí epìyà lè fara da ooru tí ó kọjá 30°C kí ó tó tú, èyí sì jẹ́ àǹfààní fún ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán ilẹ̀ Ìlàjẹ kò jìnnà sí iye náà. Nítorí náà, omi oníyìnyín ni kí a kọ, kí a sì kọ iye ìwọ̀n ooru rẹ̀ sí i.

4. Ìdọ̀tí tàbí àṣẹ́kù?

Nínú àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ní èdè òkèèrè, ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni ohun tí a dànù lára ẹja. Ó rọrùn fún ẹni tí ń túmọ̀ láti pè é ní ìdọ̀tí ẹja tàbí pàǹtí ẹja. Méjèèjì kò bá ilé tí à ń wò mu. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ òkè-òkun tí wọ́n ti ń la ẹran ara ẹja nìkan, ohun tí ó kù lè ju ìdajì ẹja lọ: orí, egungun, awọ àti ìpẹ́. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, odidi ni wọ́n ń yan ọ̀pọ̀ ẹja. Orí ẹja jẹ́ oúnjẹ, awọ rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ. Ìpẹ́, lẹbẹ àti ohun inú rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣẹ́ kù. Àrọ̀ àti òbòkún kò tilẹ̀ ní ìpẹ́. Ẹni tí ó bá ka ìwé òkèèrè tí ó sì wá sọ fún àwọn ará Òde Mahin pé ìdajì ẹja wọn ni ìdọ̀tí yóò rí ẹ̀rín wọn.

Ohun tí ó ju ẹ̀rín lọ wà nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí ni ohun tí a ń gbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí eṣinṣin ń kún bò. Bí ìpẹ́ tàbí awọ bá jẹrà nínú ooru, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò ti gé fọ́nrán-ara rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ẹnikẹ́ni tó rẹ ẹ́. Ọjà tí ó dára ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí odò, lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ fọ ìpẹ́ náà tí ó sì sá a tàbí tí ó fi yìnyín sí i. Ní Bangladesh, àwọn tí ń pa ìpẹ́ ẹja lọ́jà ń kó o jọ, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí ń kó o lọ sí òkè-òkun. Kò sí ẹni tí ń pe ohun tí ó ń tà ní ìdọ̀tí. Àṣẹ́kù ẹja ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ: ó sọ pé ohun náà ṣẹ́ kù, kò sọ pé kò níye lórí.

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Bí àwọn ará Ìlàjẹ bá ń ta àpò afẹ́fẹ́ àti ìpẹ́ ẹja wọn ní iye owó pàǹtí, tí ohun kan náà sì ń padà bọ̀ nínú ìgò kékeré pẹ̀lú orúkọ tí wọn kò gbọ́, a jẹ́ pé èdè ti kópa nínú ìpàdánù náà. Wọn kò lè dúnàádúrà lórí ohun tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn kò sì lè béèrè bóyá fọ́nrán-ara ni ó wà nínú ìgò náà tàbí àsèdì.

5. Ohun tí ó kù láti ṣe

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, tí ó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ní 2003, ìwé atúmọ̀ èdè Kayode Fakinlede kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì jọ. Ìpìlẹ̀ rere ni gbogbo wọn. Ohun tí ó ṣì ṣọ̀wọ́n ni kí á gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ kí á tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni ó tẹ̀ lé e. Èkíní, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹja pípa ní yunifásítì jọ lọ sí Òde Mahin àti Ìgbọ́kọ̀dá láti gba orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara ẹja àti gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn tí ń ṣe ẹja ń lò sílẹ̀, ní ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ gan-an. Yunifásítì Olusegun Agagu kò jìnnà, ní Òkìtìpupa. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975 sì wà fún irú iṣẹ́ báyìí. Ẹ̀ka-èdè tí ó gba fáwẹ̀lì u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí a ti rí i nínú Ùgbò, lè ní ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Bí wọ́n bá ní orúkọ tí ó dára ju fọ́nrán-ara lọ, tiwọn ni kí a mú. Èkejì, kí olùkọ́ àti òǹgbufọ̀ má ṣe fi sísè rọ́pò rírẹ, kí wọ́n má sì ṣe fi omi tútù rọ́pò omi oníyìnyín. Ẹ̀kẹta, kí àjọ NAFDAC, tí ń ṣàkóso ohun ìṣaralóge ní Nàìjíríà, rọ àwọn tí ń kọ Yorùbá sára ọjà láti fi àmì ohùn sí i, kí ẹni tí ń rà á lè mọ ohun tí ó ń rà.

Bí a bá ṣe èyí, ọmọ apẹja tí ó jókòó nínú kíláàsì yóò lè sọ ní èdè ìyá rẹ̀ ohun tí ó wà nínú ìpẹ́ tí ó há mọ́ ọn léèékánná, ìdí tí kò fi yẹ kí a sè é, àti iye tí ó yẹ kí a rà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìperí ti ń di ìmọ̀.